Àdírẹ́sì Tí N Kò Tẹ̀

Ẹ rọra fìdí kalẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Ẹni tó dúró kò lè gbọ́ ọ tán. Mo purọ́ fún ọ̀rẹ́ mi nígbà kan. Ó kú, kò mọ̀. Lóṣù tó kọjá ni wọ́n mú ohun kan wá fún mi látinú ẹrù rẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Bí ẹ bá sì dá a, n ó fèsì.

Tíṣà ni mí, ọmọ Ọ̀mù-Àrán. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo ṣí ilé kọ̀ǹpútà kan sí Táíwò Road. Ó ku díẹ̀ kí ọdún ẹgbẹ̀rún méjì wọlé. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta, wáyà tẹlifóònù kan. Íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlọrin ni. Bí a bá pè é, ó máa ń ké bí ẹyẹ tí wọ́n dì mú kó tó dáhùn.

Ọ̀nà méjì ni a fi ń débi tí a bá ń lọ. Bí èèyàn bá ní àdírẹ́sì, a ó tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àmì kọ̀ọ̀kan, ó di ẹnu ọ̀nà ilé onílé. Bí kò bá ní, a ó kọ ohun tó ń wá sínú àpótí kékeré kan tó wà lójú kọ̀ǹpútà, àpótí náà yóò sì kó ilé bí ogún síwájú wa pé ká yan èyí tó wù wá. Bí àlejò tó sọ̀ ní Ọ̀fà Garage ló rí. Ẹni tó mọ orúkọ agboolé yóò gba ibẹ̀ lọ tààrà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Alájì Jímọ̀, tó ń ta aṣọ ní Ọjà Tuntun, kì í béèrè ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi ni. Èmi ni mo kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ràmọ́tù, ní kẹ́mísírì. Ọmọ yẹn a máa fi ìbéèrè lé mi dé ẹnu géètì. Oògùn pípò ló fẹ́ kọ́.

Àbúrò Alájì, Sùlé, ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ̀wé pé òun ti rí ilé-ẹ̀kọ́ kan fún Ràmọ́tù, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọbìnrin ní aṣọ rírán àti ìtọ́jú ilé. Ọdún kan péré ni, kó máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó kọ àdírẹ́sì ilé-ẹ̀kọ́ náà sórí bébà pélébé kan. Alájì kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò fojú kékeré wo bébà náà. Ọjọ́ méje ló fi ṣe ìsìtìkárà lé e lórí, àdúrà tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ní kí Ọlọ́run yàn fún wọn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ti fọwọ́ sí i.

Àárọ̀ Sátidé kan ni òun àti ọmọ rẹ̀ wọlé tọ̀ mí. Tẹ̀sùbáà ń yí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe wà níbẹ̀ ni o."

Mo ní, "Alájì, ṣé ká kúkú bi àpótí yìí ná? Ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn lè wà. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Ọ̀mù-Àrán yìí! Wọ́n mú yín dé ẹnu ọ̀nà ilé àna yín tán, ẹ tún ń béèrè ilé àna lọ́wọ́ ará àdúgbò. Ṣé àlejò ni mí ni?"

Mo wo Ràmọ́tù. Ó kàn ń ká etí ìbòrí rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

N kò tẹ àdírẹ́sì náà. Mo gbé bébà síwájú, mo ń wò ó bí ẹni ń dà á kọ, ṣùgbọ́n inú àpótí ni mo kọ̀wé sí: oògùn pípò, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ọmọbìnrin láti Áfíríkà. Alájì ń wo ìka mi, ó ń ṣe àmín sí i. Ní ìlà kẹfà ni mo rí ilé-ẹ̀kọ́ kan, ní ìlú tó jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo ṣí i. Mo ní, "Alájì, a ti dé."

Ó ní, "Alihamudulilahi."

Ràmọ́tù ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ó mọ̀. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì wolẹ̀. A tẹ fọ́ọ̀mù jáde, bàbá rẹ̀ fi ànjẹ̀mí, ìkọ̀wé Lárúbáwá tó mọ̀, buwọ́ lù ú. Kí ọdún tó yí, wọ́n gbà á, ó sì lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, ẹ kì bá gbúròó mi.

Sùlé pè láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti tún yàrá ṣe, ó ti bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀, kò rí ọmọ. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń dárúkọ yìí kọ́ ni òun kọ ránṣẹ́. Alájì wá bá mi. Kò jókòó.

"Tíṣà, ṣé ohun tó wà nínú bébà lẹ tẹ̀?"

Ọjọ́ yẹn ni mo láyè láti sọ òótọ́. Mo ní, "Bó ṣe wà ni mo tẹ̀ ẹ́, Alájì. Ibi tó gbé wa lọ nìyẹn."

Ó gbà mí gbọ́. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "Ìwọ tí o kò mọ ibi tí àdírẹ́sì tí o kọ ń lọ, ìwọ lo fẹ́ bá mi tọ́mọ?" Sùlé ní ẹ̀gbọ́n òun kẹ́gàn òun, ó tún sọ òun di òpùrọ́. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí Alájì fi kú. Sùlé kò wá síbi fídáù rẹ̀.

Ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Òun nìkan ni. Ẹ má retí kí n sunkún nítorí bébà tí n kò tẹ̀. Ràmọ́tù kàwé tán, ó padà wá di apoògùn níhìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru títí ó fi lọ. Ẹlòmíràn yóò ní mo da ohun tí Ọlọ́run yàn rú. Mo ní, ta ló sọ fún yín pé ìka mi kò sí nínú àdúrà ọjọ́ méje náà? Bí ẹ bá dá mi padà síwájú kọ̀ǹpútà yẹn, inú àpótí ni n ó tún kọ̀wé sí.

Ṣùgbọ́n Sùlé ṣì wà láyé. Ó ti darúgbó. Mo sọ fún Ràmọ́tù pé mo fẹ́ kọ̀wé sí i. Ó bú sẹ́kún.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n á ní èmi ni mo ba àárín wọn jẹ́. Mo rí i lọ́jọ́ náà, mo sì dákẹ́."

Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo tú ọmọ yìí síta. Bí mo bá dákẹ́, arúgbó kan yóò gbé orúkọ òpùrọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ wọ sàréè. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ má wulẹ̀ bú mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Wọ́n ti pín ogún Alájì. Ilé àti ìsọ̀ Ọjà Tuntun di ti àwọn ọmọ. Kùránì rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àkọ́bí. Ràmọ́tù gba tẹ̀sùbáà. Sùlé kò rí nǹkan kan gbà. Èmi tí n kì í ṣe ẹbí ni wọ́n mú bébà pélébé náà wá fún, wọ́n wé e sínú aṣọ funfun. Alájì kọ ànjẹ̀mí sẹ́yìn rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ló kà á sí mi létí: "Ti Tíṣà ni. Bó ṣe wà ló tẹ̀ ẹ́. Kò fi nǹkan kan kún un, kò sì yọ nǹkan kan kúrò."