Ta Ló Tú Kílíìpù Ọkọ̀ Mi?

Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ má tíì dìde, tíì yẹn ò ní sá lọ, màá lọ gbé e kaná fún yín tí mo bá sọ tẹnu mi tán. Ọjọ́ kẹrin nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja, n ò rí i gbé mì, n ò rí i pọ̀, ẹ̀yin nìkan ló sì kù nínú ilé yìí tí n ò tíì bá jà. Ṣé ẹ ò rí i bí gbogbo wọn ṣe ń yẹra fún mi ni? Ọkọ mi, ọmọ yín gan-an, láti Ọjọ́bọ̀, ká kí ara wa láàárọ̀, ká kí ara wa tí ilẹ̀ bá ṣú, ó parí náà nìyẹn, bí ẹni tó jọ wọ ọkọ̀ èrò.

Ẹnì kan tú kílíìpù tó di páìpù mú nínú ọkọ̀ mi. Ohun tí mo ń wí nìyẹn. Kò tú fúnra rẹ̀, kì í sì í ṣe pé n ò dì í. Ẹnì kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ẹ ṣáà mọ bí ọ̀rọ̀ páìpù yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ wà lórí àga yín níta, ẹ ní ọkọ̀ yìí ń súfèé, páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́ lọ sẹ́nu tọ́bò rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára, ti sán. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó sán lóòótọ́, ike àtilẹ̀wá tó bá ọkọ̀ dé, oòrùn àti ooru ti jẹ ẹ́. Ọkọ̀ ò sì lágbára mọ́, ó ń mí helehele tó bá ń gun òkè. Ṣé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni màá máa fi gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ilé ìwòsàn? Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ṣé ó lè dúró de ọkọ̀ tó ń rìn bí aboyún? Ni mo bá ra tuntun, onírin, tó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, tó ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Sátidé ni mo dè é, ẹ rí mi. Mo gbé fóònù lé orí bátìrì, ọkùnrin inú fídíò ń sọ ọ́, èmi náà ń ṣe é tẹ̀lé e. Mo yọ àpótí fíltà, mo yọ wáyà kékeré tó ń bá ẹ́ńjìnnì ka iye afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, mo fa ike yọ, mo nu ẹnu tọ́bò títí àkísà fi ń jáde ní funfun, torí bí òkúta bíńtín bá kó síbẹ̀, ọkọ̀ ti parí. Mo ti irin náà bọ inú rọ́bà rẹ̀, mo ti rọ́bà bọ ẹnu tọ́bò, mo fi sípánà kékeré di kílíìpù méjèèjì, n ò dì í pa kó má baà gé rọ́bà, n ò sì fi í sílẹ̀ ní dídẹ̀. Odindi wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí mo ṣáná sí i, ó mí bí ẹni tí imú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Ọkùnrin inú fídíò yẹn wá ní ẹni tó bá gbọ́n á fa ọ̀dà tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá lórí nọ́ọ̀tì àti ara kílíìpù, ìlà kan ṣoṣo, pé bí nọ́ọ̀tì bá fi lè yí pẹ́nrẹ́n, ìlà náà á já sí méjì, èèyàn á sì rí i. N ò lọ́dà nílé. Kútẹ́ẹ̀sì mi pupa ni mo lọ mú. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ṣé mo fẹ́ kun èékánná fún ọkọ̀ ni. Mo bá yín rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà dùn.

Ó wá di Ọjọ́rú. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kù díẹ̀ ni wọ́n pè mí, obìnrin kan bímọ, ẹ̀jẹ̀ kò dá, àpò mẹ́rin ni wọ́n ń fẹ́. Mo sáré jáde, mo lọ gba ẹ̀jẹ̀, mo gbé kúlà sẹ́yìn ọkọ̀, mo kọrí sókè. Mo gùn ún dé ìdajì, níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ po, mo gbọ́ nǹkan kan ní fúù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú fin-ín fin-ín. Mo ṣí i. Páìpù ti yọ lẹ́nu tọ́bò, ó ń fì dirodiro. Kílíìpù ń yí ká lára rọ́bà bí ẹ̀gbà ọwọ́ tó tóbi ju ọwọ́ lọ. Mo wá wo kútẹ́ẹ̀sì mi, Bàbá. Ìdajì rẹ̀ kọjú sí mi, ìdajì kejì ti lọ kọjú síbòmíràn. Kí nọ́ọ̀tì dẹ̀ fúnra rẹ̀, kò lè yí tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

Ṣé kí n máa wá ẹni tó ṣe é ni, àbí kí n máa wá sípánà? Awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù kan ló dúró, ó yọ ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan fún mi, òun ni mo ki bọ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí nọ́ọ̀tì tí mo fi ń yí i. Irin gbóná. Ẹ wo ọwọ́ mi, ẹ wò ó dáadáa, ẹ má gbójú kúrò, ibi tó bó yìí, lára tọ́bò ni ó ti jó mi. Ogún ìṣẹ́jú ni mo lò níbẹ̀. Nígbà tí mo dé, nọ́ọ̀sì ò kí mi, ó já kúlà gbà lọ́wọ́ mi ló sáré wọlé. Mo jókòó sí kọ́rídọ̀ títí wọ́n fi ní ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ọkọ obìnrin náà jáde, ó dì mọ́ mi, ó ń dúpẹ́. Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu. Kò mọ̀ pé ẹ̀bá ọ̀nà ni ẹ̀jẹ̀ tí ìyàwó òun ń retí wà, tí mo ń fi ọ̀bẹ tí mo tọrọ tún ọkọ̀ ṣe.

Ọ̀gá mi ti ní kí n kọ̀wé. Ó fẹ́ mọ̀ ta ló fún mi láṣẹ láti pààrọ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí mo fi ń gbé ẹ̀jẹ̀, ta ló bá mi dè é. Kí ni màá kọ síbẹ̀? Pé ẹbọra ló tú u?

Ẹni tó ta páìpù fún mi ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹ gbọ́ ọ tí mo sọ ọ́ níwájú yín pé kílíìpù ayédèrú ló tà fún mi. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú yẹn náà ni mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo ju fóònù tí mo fi ya àwòrán kílíìpù náà lójú ọ̀nà sórí tábìlì lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo ní ẹ̀jẹ̀ obìnrin yẹn ì bá wà lọ́rùn rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kílíìpù yìí ò bàjẹ́. Ṣe ni wọ́n tú u." Mo pè é ní òpùrọ́. Oníbàárà méjì dìde, wọ́n lọ.

Lẹ́yìn náà mo fura sí mẹkáníìkì ìkóríta tí a ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ṣebí òun ló sọ ọ́ nígbà tí mò ń de páìpù pé, obìnrin tó ń dá tọ́bò tún ṣe, ká máa wò ó bó ṣe máa parí? Mo ní á jẹ́ pé ó wá ṣe é kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè ṣẹ. N ò kí i mọ́. Ó kí mi, mo gbójú sápá kan. Ìgbà tí mo wá dúró rò ó ni mo rí i pé bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ṣí i, ọkọ̀ sì wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa. Ara ilé ni.

Ta ló kù? Ọmọ yín ló kù. Ọmọ yín tí kò fẹ́ iṣẹ́ yìí fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ní eré tí mò ń sá ti pọ̀ jù. Mo bi í nídìí tábìlì yìí, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo ní, ìwọ lo tú u, o fẹ́ kí ọkọ̀ bàjẹ́ kí n lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé o rò pé mo fẹ́ kó o kú ni?" Ó dìde, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ láìjẹun. Níbo lẹ wà, Bàbá? Àárín wa náà lẹ jókòó sí. Ẹ ń ro tíì. Ẹ rò ó títí, ṣíbí ń lu ife kọ́n-kọ́n-kọ́n, ẹ ò gbé ojú sókè. Mo ní lọ́kàn mi, ìjà wa ló ń ba Bàbá lọ́kàn jẹ́.

Àárọ̀ yìí ni mo lọ gba aṣọ lọ́wọ́ aránṣọ òdìkejì. Ẹ mọ̀ pé ojú fèrèsé ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, iwájú ọkọ̀ mi ló kọjú sí. N ò bi í ní nǹkan kan. Òun ló ní, "Bàbá mà ṣì lágbára o. Mo kí wọn kú iṣẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́rú tí wọ́n ń tún ọkọ̀ yín ṣe." Mo ní, Bàbá wo? Ó ní, "Bàbá yín náà. Sípánà ń bọ́ lọ́wọ́ wọn ṣáá, tó ìgbà mẹ́ta, mo tiẹ̀ fẹ́ wá bá wọn mú un."

Ẹ̀yin lẹ tú u, Bàbá. Mo mọ̀.

Mi ò bínú pé ẹ ṣí i. Ẹni tó ṣe mẹkáníìkì fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, ṣé ó lè rí iṣẹ́ tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi fídíò ṣe, kó má yẹ̀ ẹ́ wò? Mo mọ̀ pé èmi náà ṣẹ̀ yín. Lọ́jọ́ tí mò ń dè é, mo ní, "Bàbá, ẹ lọ jókòó, ẹ lọ sinmi," bí ẹni pé mò ń lé adìyẹ kúrò lórí àgbàdo. Mo ti rí bí ọwọ́ yín ṣe ń gbọ̀n, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo ti rí i, a wá jọ ń díbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ tú u, ẹ ò lè dì í padà, ẹ sì jókòó níbẹ̀ nígbà tí mo ń wa ọkọ̀ jáde? Ẹ juwọ́ sí mi, Bàbá. Mo rí yín. Ẹ dìde lórí àga, ẹ juwọ́ sí mi pé kí n máa lọ re.

Ẹ ní kí ni?

Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ní ẹ ń dá mi dúró ni? Ẹ ní ẹ ń pè mí, ohùn yín ò jáde, ẹ wá ń ju ọwọ́ méjèèjì?

Èmi náà sì juwọ́ padà sí yín. Mo rẹ́rìn-ín sí yín, mo fọn fèrè ọkọ̀.

Ó dáa. Ó dáa, ẹ má sunkún, n ò wá síbí kí n lè pa yín lẹ́kún. Ṣùgbọ́n ti àárọ̀ Ọjọ́rú yé mi o, ohun tó tẹ̀lé e ni kò tíì yé mi. Èmi ń ba orúkọ ẹni tó ta páìpù jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mò ń fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan ọmọ yín, ẹ̀yin ń ro tíì. Ojú tì yín, mo gbọ́. Ṣé ojú ò ti èmi náà ni? Ẹ̀rù bà yín pé a ó ní ẹ ò wúlò mọ́? Ta ló gbọ́ ọkọ̀ tó ń súfèé nígbà tí èmi tó ń wà á kò gbọ́ nǹkan kan?

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́. Tí ọmọ yín bá dé, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ fún un, kì í ṣe èmi. Lọ́la a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, èmi ni màá bẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin ẹ dúró tì mí. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn náà, a ó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má sọ fún mi pé ọjọ́ ogbó ni, dókítà ni kó sọ bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ ń bá mi lọ sídìí ọkọ̀, torí ọ̀bẹ ni mo fi dì í, ọkàn mi ò sì balẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Èmi á di sípánà mú, ẹ̀yin á jókòó sórí àpótí, ẹ ó máa sọ fún mi.

Kí lẹ tún ń ráhùn sí? Ẹ ní ẹ kò ṣàdédé tú u? Ẹ ní mo kọjú orí nọ́ọ̀tì sísàlẹ̀, síbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò lè dé, pé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yín tó bá dán irú ẹ̀ wò láyé ọjọ́sí, ilé ni ẹ máa ní kó lọ?

Bàbá, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Inú ṣì ń bí mi. Ẹ wọ bàtà yín.