Ẹ̀jẹ̀ Mubaraq Lára Orin Yìnyín

"Òtítọ́ tí mo gbé mì ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Tí mi ò bá pọ̀ ọ́ lónìí, á pa mí." Báyìí ni Fọlábí wí nígbà tí wọ́n gbé máìkì lé e lọ́wọ́ ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí èrò péjọ sí láti wo ère páìpù tó ń kọrin, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi iná jó pọ̀. Ó ní kí wọ́n má pàtẹ́wọ́ fún òun.

Wẹ́dà ni Fọlábí ní ìlú Ọ̀yọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Akínpẹ̀lú, olùkọ́ orin, ló mú ìṣirò àwọn onímọ̀ tó ń wọn yìnyín ní ìpẹ̀kun àríwá ayé wá bá a, tó ní àwọn lè sọ ọ́ di orin tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá á lè lù. Ọdún kọ̀ọ̀kan di páìpù kan: ọdún tí yìnyín pọ̀, páìpù gùn, ọdún tó yọ́, páìpù kúrú. Bí wọ́n bá ṣe ń lù ú lọ ni ohùn rẹ̀ ń tín-ín-rín sí i, títí á fi dà bí igbe ìkókó.

Igbe yẹn ni Fọlábí ò fẹ́. Ó fẹ́ fi páìpù gígùn parí rẹ̀ kó lè dùn létí àwọn èèyàn pàtàkì. Akínpẹ̀lú kọ̀ jálẹ̀. Ó ní yìnyín tó yọ́ ò tíì padà, orin náà ò sì gbọdọ̀ purọ́. Ọ̀rọ̀ di ìjà nínú ṣọ́ọ̀bù. Akínpẹ̀lú ní kí ni wẹ́dà lásán mọ̀ nípa orin. Bó ṣe yíjú padà, Fọlábí fa irin yọ, ó là á mọ́ ọn létí. Ó ṣubú. Fọlábí tún là á mọ́ etí kejì.

"Ti àkọ́kọ́, ìbínú ni," ó sọ fún èrò ní Under G. "Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Ìgbà náà ni Mubaraq, ọlọ́kadà tó máa ń bá wọn kó irin, wọlé. Ó sáré gbé orí Akínpẹ̀lú lé itan, ẹ̀jẹ̀ sì rin aṣọ rẹ̀. Fọlábí wo ẹ̀jẹ̀ yẹn, ó bọ́ síta, ó figbe ta pé olè ti pa ọ̀rẹ́ òun. Èrò ya wọlé. Igi, òkúta, bàtà, gbogbo rẹ̀ ń rọ̀ lé Mubaraq lórí. Wọ́n wọ́ ọ dé títì, wọ́n ń lù ú lọ. Fọlábí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò. Kí ọlọ́pàá tó dé, Mubaraq ti kú.

Akínpẹ̀lú yè, àmọ́ etí rẹ̀ di, kò sì rántí ẹni tó lù ú. Páìpù kúkúrú tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ ni Fọlábí padà fi parí iṣẹ́ náà, bí ẹni pé ìyẹn lè wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Akínpẹ̀lú wà níwájú èrò ní Under G, ó ń wo ètè ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó lè mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tó yé e, ó bo ojú.

Fọlábí sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé ẹni tó bá pariwo olè lé ọmọlàkejì rẹ̀ lórí, òun gan-an ló ju òkúta àkọ́kọ́. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Kúbúrátù, ìyá Mubaraq, tí òun fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè wá láti Ọ̀yọ́, ó ń tọrọ àforíjì.

Obìnrin náà ò sunkún. Ó bi í pé, "Nígbà tí wọ́n ń lu ọmọ mi, kí ló ń sọ?"

Fọlábí ò lè gbójú sókè.

"Orúkọ mi ló ń pè, Ìyá. Ó rò pé màá gba òun sílẹ̀."