Òjìji Tí Mo Bá ní Ọ̀run Àpáàdì

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ohun tí mo rí kò dùn ún sọ. Ẹ̀yin náà lẹ bá mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pé kí Ọlọ́run tú àṣírí ẹni tó mú kí Morẹ́nikẹ́, ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́rin, máa sá fún mi. Ìyá ọkọ mi la fura sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, màmá ti ń di ẹrù wọn, torí mo ti ní kí wọ́n máa lọ.

Mo gbàdúrà tán, mo jókòó ti ọmọ níbi tó ti ń wo kátúùnù. Nínú kátúùnù náà, òjìji ọmọdébìnrin kan já kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń fọ́ abọ́, ó ń bú ènìyàn, ọmọdébìnrin náà sì ń sọ pé òun kọ́. Inú bí mi, mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo ní ẹ̀mí òkùnkùn ni. Ibẹ̀ ni oorun ti gbé mi lọ.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan di ọwọ́ mi mú. A kọ́kọ́ kọjá níbi tí àwọn olóòótọ́ ti ń sinmi. Kálukú jókòó ti òjìji rẹ̀ bí ẹni jókòó ti àbúrò. Lẹ́yìn náà ni ooru dé. Mo rí òpùrọ́, mo rí alágbèrè, mo rí ọ̀gá tó ń febi pa ọmọ ọ̀dọ̀, òjìji wọn ń lé wọn, wọ́n ń sá, wọ́n ń ké pé àwọn kọ́, Èṣù ni, bí wọ́n sì ṣe ń sọ ọ́ ni òjìji ń ga sí i, ó ga ju igi, ó ga ju òkè, ó wó lù wọ́n, wọ́n dìde, wọ́n tún ń sá.

Mo ní kó fi ọ̀tá mi hàn mí. Ó nawọ́. Òjìji obìnrin kan gbé ọmọrogùn sókè, ó ń jágbe mọ́ ọmọ kan lábẹ́ tábìlì: "Ìwọ lo ba ayé mi jẹ́. Ǹ bá tètè mọ̀, ǹ bá má bí ọ."

Ohùn mi ni. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ tí Morẹ́nikẹ́ da ògì nù nìyẹn.

Mo ní èmi kọ́. Òjìji náà ga sí i. Mo wá kanra mọ́ ọkùnrin náà pé mo ti gbààwẹ̀, èmi nìkan ni mò ń ṣe wàhálà ọmọ, ó ti rẹ̀ mí, kí ló tún kù?

Ó ní, "Ẹni tí o bá sẹ́ ni yóò máa lé ọ."

Mo ní, "Èmi ni." Òjìji náà rọlẹ̀, ó wá dúró tì mí. Mo jí.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún màmá. Wọn ò dá iṣẹ́ ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé èmi kì í wá ṣe àjẹ́ mọ́ ni?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi tú ẹrù.

Ẹ̀yin ará, kí a tó tún rán iná sí ọ̀tá kankan nínú ìjọ yìí, kí kálukú kọ́kọ́ bi ọmọ ilé rẹ̀ léèrè ẹni tó ń bà á lẹ́rù. Èmi ti mọ tèmi. Láàárọ̀ yìí, mo pe Morẹ́nikẹ́ kí n di irun rẹ̀. Ẹ̀yìn màmá ló sá sí.