Ta Ló Ní Kí Kàáfúnmi Dákẹ́?

Ẹ̀gbọ́n Kọ́láwọlé, ẹ má fún mi ní àga, mi ò wá jókòó. Mo ní mi ò mu omi! Ṣé omi ló gbé mi dé Creek Road nínú oòrùn ọ̀sán yìí, tí mo gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín títí dé àjà kẹta, tí mo purọ́ fún ọ̀gá mi pé eyín ń ro mí? Oṣù méje, ẹ̀gbọ́n! Oṣù méje gbáko ni ẹ̀dà tuntun Kàáfúnmi ti wà nílẹ̀, tó ti parí, tí gbogbo wa ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, tó jẹ́ pé òǹtẹ̀ yín nìkan ló kù. Òǹtẹ̀! Kí ẹ kàn fi kọ́kọ́rọ́ inú kọ̀ǹpútà yín buwọ́ lù ú kí fóònù àwọn èèyàn lè gbà á wọlé. Ṣé ìyẹn gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni?

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀, mi ò jiyàn. Ẹ̀yin lẹ pè mí pé, Morádéún, wá, ká jọ ṣe áàpù tí á máa ka Yorùbá sókè fún àwọn tí ò ríran, iṣẹ́ ọ̀fẹ́, kóòdù rẹ̀ á wà ní gbangba, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tún ṣe kó bọ́ síwájú kó tún un ṣe. Inú mi dùn, mo tẹ̀ lé yín. Ẹ tún wá ní èmi ni kí n máa lọ bá ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú ní Ajégúnlẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Àbí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀?

Ṣé ẹ mọ ohun tójú mi ń rí níbẹ̀? Láti oṣù kẹta tí iléeṣẹ́ fóònù ti yí ètò inú fóònù wọn padà ni Kàáfúnmi àtijọ́ ò ti bá a mu mọ́. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí, á dákẹ́ lọ gbári. Àwọn mẹ́rìnlá! Monica tó ń hun báàgì ìlẹ̀kẹ̀, orí fóònù làwọn oníbàárà ti ń ránṣẹ́ sí i. Ní báyìí aládùúgbò ló ń bá a kà á, aládùúgbò náà sì ti ń dá àwọn oníbàárà rẹ̀ lóhùn fúnra rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í hun báàgì! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dá Sátidé fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wọṣọ, tí wọ́n di ọ̀pá mú, tí wọ́n wá jókòó dè mí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Mansur tó jẹ́ alága wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àǹtí, tó bá ti jáde, ẹ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa, a máa wá ẹni tó lójú tó máa kà á.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n, mo délé, mo sunkún.

Nítorí kí ni? Nítorí Ewoma, ọmọdé tó ń bá wa kọ kóòdù! Pé ọmọ yẹn rí àṣìṣe nínú kóòdù yín, ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé “this one no go work o”, ó fi èyí tó dáa sí i, ó tán. Kò kí yín, kò ní kẹ́ ẹ má bínú, níṣojú èèyàn mọ́kàndínlógún tá a jọ wà nínú gúrúùpù. Mo gbà, kò dáa. Ṣùgbọ́n ṣé irọ́ ló pa? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n! Ẹ ò fèsì, ẹ dákẹ́ mọ́ wa lára. Ephraim tá a jọ ń ṣiṣẹ́ náà ní ẹ jẹ́ ká bẹ ẹ̀gbọ́n. A bẹ̀ yín nínú gúrúùpù, a bẹ̀ yín lórí ìpè, kò sẹ́ni tó jẹ́ bèèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín kí ẹ má baà ní a ti lé yín kúrò nínú ilé tẹ́ ẹ kọ́.

Èmi yìí, èmi ni mo mú Ewoma wá síbí. Ó ní, “Aunty, wetin I do?” Mo ní, kúnlẹ̀, àgbà ni wọ́n. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ yìí! Ẹ ní ẹ ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò dá sí wa mọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù nínú wa, èmi ni mo fọwọ́ ara mi lé e lọ.

Ó yá, mo ti wí tẹnu mi. Ẹ ṣí kọ̀ǹpútà. Ẹ buwọ́ lù ú níṣojú mi.

Ẹ̀gbọ́n? Kí lẹ ń wolẹ̀ sí?

Kí lẹ wí?

Ẹ tún un wí. Wọ́n jí kọ̀ǹpútà yẹn? Ní Malu Road, lọ́sẹ̀ tí Ewoma kọ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an? Kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò tọ́jú ẹ̀dà kankan? Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ wa pé ká máa tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta!

Yéè! Mo gbé! Kò wá sí ìbínú kankan nílẹ̀. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá! Ẹ sá sẹ́yìn ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ wò ó lórí ìkúnlẹ̀, ẹ mọ̀ pé kò ṣẹ̀ yín, ẹ sì jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀ tán! Ọlọ́run rí yín o.

Háà. Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín, kí n má baà ṣépè. Ẹ̀gbọ́n, a lè ṣe kọ́kọ́rọ́ mìíràn! A máa yọ Kàáfúnmi àtijọ́ kúrò nínú fóònù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, a máa fi tuntun sí i, iṣẹ́ ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Ká ní ẹ sọ ọ́ lóṣù kẹta, oṣù kẹta náà ni ì bá ti parí!

Rárá, mi ò ní bá yín sọ ọ́ nínú gúrúùpù. Ẹ̀yin lẹ máa fẹnu ara yín sọ ọ́. Ewoma lẹ máa kọ́kọ́ pè, nísinsìnyí, kí n tó kúrò níbí. Tó bá di Sátidé, èmi pẹ̀lú yín la jọ ń lọ sí Ajégúnlẹ̀, ẹ ó sì ṣàlàyé fún Mansur àti Monica.

Ojú ń tì yín? Ojú ta lẹ ń sá fún? Àwọn mẹ́rìnlá tí ẹ fẹ́ lọ bá, kò sẹ́ni tó máa rí yín nínú wọn. Ohùn ni wọ́n ń retí, oṣù méje ni wọn ò ti gbọ́ ọ. Ẹ gbé fóònù yín.