Irin Tó Sán Lábẹ́ Ọ̀dà Búlúù

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ Anselme, ọmọ ìyá mi. Dókítà ti bá mi sọ òótọ́ pé ọjọ́ tó kù fún mi ò pọ̀ mọ́. Ó kù kí èmi náà sọ tèmi. Ìtàn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ìdíje Tessandier tí ẹ fi ń yangàn, irọ́ wà nínú rẹ̀. Èmi Honorine ni mo pa á.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni èmi àti bàbá yín bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ nínú àká àwọn òbí wa ní Normandy, nílẹ̀ Faransé. Corentin ọ̀rẹ́ wa, aláwàdà, ló ń bá wa wà á nínú ìdíje. Ọjọ́ kan tí ìdíje ńlá ku ọ̀la, mo rí i pé irin tó ń yí táyà iwájú ti sán, tín-ín-rín bí irun. Mo pe bàbá yín. Ó ní, “Honorine, a ò ní òmíràn. Bí a ò bá sáré lọ́la, ta ni yóò tún ra ọkọ̀ wa?” Mo mú ọ̀dà búlúù, mo fi kun ojú ibi tó sán náà kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ọwọ́ mi yìí náà ni. Corentin wọlé, ó ń jẹ búrẹ́dì. “Ọ̀gá obìnrin, ìyàwó mi ti bímọ o! Ṣé ọkọ̀ yín á gbé mi délé báyìí?” Mo rẹ́rìn-ín. “Á gbé ọ, wèrè.”

Lọ́jọ́ kejì, níbi tí Corentin ti fẹ́ yà ni irin náà ti já. Igi ló lọ kọlù, iná sì sọ, ó kú síbẹ̀. Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Rárá o. Nígbà tí àwọn olùwádìí dé, bàbá yín dákẹ́, èmi ìkà ni mo lanu: “Ó ti mutí kó tó wọkọ̀.” Mathurine ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ pọ̀n wá bá mi. “Honorine, wo ojú mi. Ṣé ọkọ mi mutí?” Mo wo ojú rẹ̀ kòrókòró. “Ó mu ún. Má bínú.”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ránṣẹ́ pe Mathurine, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò sunkún. Ó ní, “Èmi ò gbà ọ́ gbọ́ rí. Ọmọ mi ló gbà ọ́ gbọ́. Títí tó fi kú lọ́dún tó kọjá, kò jẹ́ kí n gbé àwòrán bàbá rẹ̀ kọ́ sára ògiri.” Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ.

Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ tún orúkọ Corentin ṣe níta gbangba. Bí ẹ̀yin náà bá ṣẹ̀, ẹ tètè sọ ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ kì í dúró deni.