Fótò Ọwọ́ Alfa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi sùúrù gbọ́ tèmi. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń gba oríyìn tí kì í ṣe tèmi. Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni pé àwọn tó ń ṣètò ìdíje fótò n'Íkirè ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n wá ṣe adájọ́ tọdún yìí. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń ríran. Èmi!

Àpòmù ni mo ń gbé. Mo kàwé ní yunifásítì, mo sì ń pe ara mi ní ayàwòrán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù ni mo fi ń yà á.

Nígbà tí èmi náà kópa nínú ìdíje yẹn, fótò mẹ́ta ni wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá. Ogójì ni mo yà. Oòrùn tó ń wọ̀ l'Ápòmù nìkan jẹ́ mọ́kànlá. Kòkó tí wọ́n sá sẹ́bàá títì wà níbẹ̀. Bàtà mi náà wà níbẹ̀, mo ti sọ ọ́ ní "Ìrìn Àjò Ẹ̀dá." Mo wò wọ́n títí, méjì péré ni kò burú.

Ìgbà náà ni mo rí ọ̀kan nínú fóònù mi tí kì í ṣe èmi ni mo yà á.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Ìyá Múrí, ń dín dòdò tà n'Íkirè. Lọ́jọ́ kan tí iná tán nínú fóònù wọn, wọ́n gba tèmi láti ya dòdò ránṣẹ́ sí oníbàárà wọn kan ní Gbọ̀ngán. Wọ́n yà á lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́, wọ́n dá fóònù padà fún mi. Nínú ọ̀kan tí wọn ò fi ránṣẹ́, ọwọ́ kan yọ láàárín èéfín, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́rùn ọwọ́, ó ń jí dòdò mú.

Ọwọ́ Alfa ni, ọkọ wọn. Alfa kì í ya fótò rárá. Dókítà sì ti ní kí wọ́n má fẹnu kan dòdò mọ́ nítorí àtọ̀gbẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fi ṣe ẹ̀kẹta. Mo kọ orúkọ ara mi sí i.

Òun ló gba ipò kìíní. Adájọ́ kan tó wọ awò dúdú nínú ilé ní ọwọ́ yẹn ń kéde ebi tó ń pa ilẹ̀ adúláwọ̀. Ebi wo? Alfa ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán ni! Mo mi orí bí ẹni tó ti rò ó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá mi fi ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún mi kọ́ sí pálọ̀. Ìyá Múrí ṣàdúà fún mi, ṣùgbọ́n mo rí i dájú pé wọn ò rí fótò náà.

Alfa kú lọ́dún tó kọjá. Wọ́n wá fótò wọn káàkiri, kò sí ẹyọ kan. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ojú ló ń tì mí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo lọ s'Íkirè. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná, mo jẹ́wọ́, mo na fóònù sí wọn.

Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ wo olè!"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Èmi ni."

"Ta ló ń bá ọ wí? Alfa ni! Ọkùnrin yìí búra fún mi! Àti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kọjú sí mi. "Ìwọ lo ni fóònù. Èmi ni mo yà á, èmi ni mo sì ni ọkọ. Lọ tẹ̀ ẹ́ jáde kó tóbi. Kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: Alfa rèé, ìyàwó ló ká wọn mọ́ ọn."

Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti wà lára ògiri wọn. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti ń dùn lẹ́nu mi.

Ó ku ìwé ẹ̀rí. Mo ti ní mi ò lè ṣe adájọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ ìdí rẹ̀. Ìyá Múrí ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé fótò ti délé ná. Ìyá mi ò tíì gbọ́ rárá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń nu eruku ara ìwé ẹ̀rí náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, àwọn adájọ́ ni àbí ìyá mi? Àwọn adájọ́ ò bà mí lẹ́rù.