Abẹ́rẹ́ Tí Mo Fi Gún Ìgúnpá Bíńgò

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dópin. Ọ̀rọ̀ ajá ni, àmọ́ ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ti ní kí wọ́n já búlọ́ọ̀kù sẹ́nu ọ̀nà. Ní Sátidé tó ń bọ̀, bíríkìlà máa dí ilẹ̀kùn kékeré tó wà láàárín ilé wa àti ilé Da Pam, ọ̀rẹ́ wọn. Èmi ni mo fà á, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Àdúgbò Jenta Adamu, lókè Ọya níbí, ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, èmi ń ránṣọ. Ìwà kan wà lọ́wọ́ mi: mo fẹ́ràn kí n mọ ohun tó wà nínú nǹkan. Mo lè tú aṣọ tuntun wò, kí n ṣáà lè mọ bí wọ́n ṣe rán an.

Ẹ̀yà Bẹ̀rọ́ọ̀mù, tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń jẹ ẹran ajá, ni Da Pam. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni wọ́n máa ń gba ilẹ̀kùn yẹn wọlé wá ta dráfù pẹ̀lú Bàbá. Bí wọ́n bá ti rí Bíńgò, ajá wa tó ti darúgbó, wọ́n á ní, "Yaushe za mu ci karen nan?" Ìgbà wo la máa jẹ ajá yìí! Bàbá á dá wọn lóhùn pé, "Sai bayan ka mutu," ó di ẹ̀yìn ikú rẹ. Àwọn méjèèjì á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Lọ́dún tó kọjá, mo ní kí wọ́n lẹ táìsì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Mo kó àpò àti àkísà tí Bíńgò máa ń sùn lé dànù, mo ní ó ń rùn. Kò pẹ́ tí ìgúnpá rẹ̀ ọ̀tún fi wú. Ó rọ̀ bí ọsàn tó pọ́n jù. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, kì í ké, ojú mi nìkan ló máa ń wò. Kí ló lè wà nínú ẹ̀? Mo pè é ní eéwo. Ṣebí gígún là ń gún eéwo tó bá ti pọ́n? Mo fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún un.

Ọyún kọ́ ló jáde. Omi ni, ó pọ́n díẹ̀ bí òróró. Ibẹ̀ lọ sílẹ̀, ó tún padà wú. Mo tún gún un. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbèrò ibi. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí omi náà ti ń wá ni. Nígbà tó yá, ojú ihò náà di egbò.

Sọ́ńdè kan ni Bàbá rí i. "Ta ló gún ajá mi?" Àwàdà àtọjọ́mọ́jọ́ yẹn ló wá sí wọn lọ́kàn. Wọ́n yíjú sí Da Pam: "Kai ne ko? Ka kasa jira?" Ìwọ ni, àbí? O ò lè dúró mọ́?

"Ni?" ni Da Pam wí. Èmi kẹ̀? Wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn, wọ́n jáde, wọn ò sì wọlé wá mọ́. Bàbá gbà pé ẹ̀bi ló lé wọn lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ dí ilẹ̀kùn náà. Abẹ́rẹ́ náà wà láyà ẹ̀wù mi níbi tí mo gún un mọ́. Mo fi ọwọ́ bò ó.

Mo gbé Bíńgò lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan ní Lamingo. "Madam, dis one no be boil o. Na hard floor cause am. Who come chook am?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ṣàlàyé pé bí ajá arúgbó bá ń fi egungun ìgúnpá sùn lórí ilẹ̀ líle, ara á kó omi jọ síbẹ̀ bíi tìmùtìmù. Títí di òní ló ń yà mí lẹ́nu. Ara rán ìrọ̀rí fúnra rẹ̀, èmi wá lọ ń tú u.

Ní báyìí, mò ń fi omi oníyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ egbò náà, mo sì ń fi oògùn sí i. Mo gé apá kan súẹ́tà Bàbá, mo fi wọ̀ ọ́ ní ìgúnpá. Fóòmù ló ń sùn lé. Egbò ti ń jiná.

Ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ni mo ti rí Da Pam. Gbogbo Sọ́ńdè ni wọ́n ń yọ́ wá so egungun màlúù inú ọ̀rá mọ́ ilẹ̀kùn kékeré yẹn fún Bíńgò. Bàbá rò pé èmi ni mò ń rà á. Wọ́n á ní, "Ọmọ dáadáa ni ẹ́, wàá jèrè." Èmi náà á ṣe àmín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di Sátidé. Ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún, Bàbá ni àbí Da Pam? Bí mo bá sì dákẹ́, tí ilẹ̀kùn yẹn di ògiri, ibo ni wọ́n á máa so egungun mọ́?